Ogójì ní Ibi Méjì

Bébà tó wà lára ẹ̀rọ náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ sílẹ̀ kò yé Ṣọlá rárá.

Ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ ìlà búlúù tó wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá títí di ọjọ́ Ẹtì, ìlà náà sùn gbọọrọ ní ìsàlẹ̀, èyí tó fi hàn pé iyàrá òtútù tó wà ní Agblangandan tutù bó ṣe yẹ. Nígbà tó di agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó gòkè ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó dé òkè téńté lọ́jọ́ Àìkú, ó sì jókòó síbẹ̀. Gbogbo èyí ni wọ́n ti sọ fún un kó tó wá. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni pé ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìlà náà yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

"Ta ló tún ẹ̀rọ yìí tàn?"

Ràhámátù, apòògùn tó ń tọ́jú iyàrá náà, fa aṣọ òtútù rẹ̀ mọ́ra. "Kò sẹ́ni tó tàn án, Tàǹtíì. Nígbà tí mo dé ní agogo méje ààbọ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ bébà yìí, ǹ bá ti kó oògùn tó ti bàjẹ́ fún àwọn èèyàn."

"Ìyẹn ni pé ẹni tó pa á tún padà wá tàn án?"

"Ohun tí ọ̀gá wa sọ nìyẹn. Wọ́n ní Pátíróò Mùílíù fẹ́ bo iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́lẹ̀ ni."

Ṣọlá kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ tú ọ̀rọ̀ tó bá lọ́jú. Nínú gbogbo oníbàárà rẹ̀, àwọn tó ṣòro fún un jù ni àwọn tó ti kọ èsì sílẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Mẹ̀síyọ̀ Ọpẹ́yẹmí, ọ̀gá àgbà Ilé Oògùn Ìtura, wà lára wọn. Ìtura ní ẹ̀ka mẹ́ta: ilé ẹrù ní Akpakpa, búrò ńlá ní Cadjèhoun, àti iyàrá òtútù yìí ní Agblangandan, níbi tí wọ́n ń tọ́jú oògùn àwọn alátọ̀gbẹ sí. Èèyàn tó ju igba lọ ló ń gba oògùn níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ti bàjẹ́ báyìí, inú páálí ni wọ́n kó o sí lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá náà ti sọ ohun tó fẹ́. Ó fẹ́ ìwé ẹ̀rí lórí tábìlì rẹ̀ kó tó di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, kó lè fi ìwé náà pẹ̀lú Mùílíù lé àwọn ọlọ́pàá kọmisáríà lọ́wọ́. Mùílíù yìí ló na gbogbo wáyà ilé-iṣẹ́ náà láti ọdún méjìlélógún. Pátíróò ni gbogbo wọn ń pè é, bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń pe ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìn tì, kó padà sí Pobè. Tí Ṣọlá bá kọ ohun tí ọ̀gá ń fẹ́, inú àhámọ́ ni Mùílíù máa sùn lónìí, orúkọ ọ̀daràn àti ọ̀dàlẹ̀ ló sì máa gbé wọ Pobè.

"Kí ló dé tí ṣirẹ́ẹ̀nì ìkìlọ̀ ẹ̀rọ yìí kò dún?" Ṣọlá bèèrè.

"Ó máa ń dún tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ tàbí tí iná bá lọ. Tí wọ́n bá pàṣẹ fún un pé kó dúró, kò ní dún. Ó mọ̀ pé wọ́n rán òun ni."

"Èèyàn mélòó ló lè pàṣẹ fún un?"

"Àwa mẹ́ta. Èmi, Pátíróò, àti Dámilọ́lá, ọmọ-iṣẹ́ wọn tó wà ní Cadjèhoun."

"Agogo mélòó lo kúrò níbí lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Agogo mẹ́fà."

Ó yára dáhùn jù. Nígbà tí Ṣọlá dé ẹnu géètì, ó ní kí gàdíẹ̀nì tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi ìwé ìjáde han òun. Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ló wà níwájú orúkọ Ràhámátù. Ó yí padà, ó rìn wọlé pẹ̀lú ìwé náà lábẹ́ apá.

Ràhámátù rí ìwé náà, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ó jókòó sórí páálí kan.

"Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ, Tàǹtíì. Fíríìjì ilé wa ti kú láti oṣù mẹ́ta. Mo ń tọ́jú oògùn wọn síbí, lẹ́yìn tàwọn tó kù. Ilé-iṣẹ́ ò gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, tí gbogbo èèyàn bá lọ tán, mo máa ń wọlé lọ mú ìgò kan tó máa tó wọn fún ọ̀sẹ̀ kan."

"Lọ́jọ́ Ẹtì yìí ńkọ́?"

"Mo wọlé bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ ti kọjá díẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Fáànù ti dákẹ́. Mo gbọ́ pé ó dákẹ́. Ó máa ń sinmi kó tó tún bẹ̀rẹ̀, èmi rò pé ó ń sinmi ni. Mo mú ìgò mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ. Ká ní mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Ti ìyá rẹ tó kù níbẹ̀ ńkọ́?"

Ràhámátù nawọ́ sí àwọn páálí ẹnu ọ̀nà. "Ìgò mẹ́rin. Wọ́n wà níbẹ̀."

Ṣọlá fi ìlà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé kékeré rẹ̀. Kò sí ọmọ tó máa pa ẹ̀rọ tó ń tọ́jú oògùn ìyá rẹ̀, kó tún fi ìgò mẹ́rin sílẹ̀ níbẹ̀.

Kó tó lọ, ó ní kí Ràhámátù tẹ ojú ẹ̀rọ náà kí òun rí ohun tó kọ sínú ara rẹ̀. Ìlà méjì péré ló jáde. Wọ́n pàṣẹ kó dúró ní 18:30:00. Wọ́n pàṣẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní 07:00:00. Láti orí ọ̀nà 40 ni àṣẹ méjèèjì ti wá. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀.

Ṣọlá wo àwọn òdo náà pẹ́. Ta ni èèyàn tó máa fẹ́ ṣe ibi, tó máa wá jókòó ti agogo títí ìṣẹ́jú àáyá fi máa pé, tó tún máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?

* * *

Ní Akpakpa, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Mùílíù. Wọ́n jẹ́ kó jókòó nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn wáyà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ká, wọ́n sì fi gàdíẹ̀nì sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Ṣọlá wọlé, ó dìde.

"Ẹ káàbọ̀, Màdáàmù. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ kú oòrùn yìí. Ṣé orí afárá kò dí? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdààmú wa."

Ṣọlá ń dáhùn, ó sì ń fojú wo agogo. Ó ti di aago kan ọ̀sán. Bàbá tirẹ̀ ní Kétu, bó ṣe ń kí èèyàn nìyẹn títí tó fi kú lọ́dún tó kọjá. Tó bá pè é lórí fóònù, ó máa ń bèèrè ilé, ọmọ, òjò, ọ̀nà àti ará àdúgbò kó tó dé ibi ọ̀rọ̀. Ìgbà púpọ̀ ni Ṣọlá ti sọ pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́, tó pa fóònù kó tó mọ ohun tí bàbá náà fẹ́ sọ. Kò fẹ́ ronú nípa ìyẹn báyìí.

"Pátíróò, ẹ ṣàlàyé ọ̀nà ogójì fún mi."

Ó wo obìnrin náà bí ẹni pé kò retí ìbéèrè yẹn. Ó mú kàyé kan lórí tábìlì, kàyé ọmọ iléèwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó.

"Wáyà kan ló wà, Màdáàmù. Ṣùgbọ́n tí gbogbo nǹkan bá ń rìn lórí ẹ̀ pọ̀, wọ́n á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Nítorí náà a ń pín in sí ọ̀nà ọ̀nà. VLAN làwa oníṣẹ́ ń pè é. Kámẹ́rà ní ọ̀nà tiẹ̀, tẹlifóònù ní tiẹ̀. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà. Ẹ rí àpótí yìí?" Ó fọwọ́ kan àpótí pẹlẹbẹ kan tí iná kéékèèké ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. "Swíìsì nìyẹn. Òun ló ń darí wọn. Kò mọ ta ni Mùílíù, kò mọ Agblangandan. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Àwọn tó bá ní nọ́ńbà kan náà, ọmọ ilé kan náà ni wọ́n lójú ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ wá ń pín nọ́ńbà náà?"

"Èmi ni." Ohùn rẹ̀ gbé sókè díẹ̀. "Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń ka nọ́ńbà tiẹ̀ bó ṣe wù ú, torí wọn ò so mọ́ra wọn. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo tún un pín. Akpakpa gba ọgọ́rùn-ún, Cadjèhoun gba igba, Agblangandan gba ọ̀ọ́dúnrún. Tí kámẹ́rà bá jẹ́ 110 níbí, 210 ni ní Cadjèhoun, 310 ni lọ́hùn-ún. Ọmọ tí wọn ò tíì bí á wò ó, á mọ ibi tí nǹkan wà àti ohun tó jẹ́. Mo fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, nítorí ọjọ́ iwájú."

Ó ṣí kàyé náà. Nọ́ńbà àtijọ́ wà lápá òsì, tuntun wà lápá ọ̀tún, ó sì fi àmì sí èyí tó bá ti yí padà. Ojú ìwé mẹ́ta ló kún fún àmì. Ìlà méjì péré ni kò ní. Ogójì ti Cadjèhoun, tó yẹ kó di 240. Ogójì ti Agblangandan, tó yẹ kó di 340. Ó ti fi gègé bíìkì pupa yí àwọn méjèèjì ká.

"Àwọn méjì yìí ńkọ́?"

Mùílíù rọra pa kàyé náà dé. "Iṣẹ́ tó kù nìyẹn."

"Ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ ìpàdé Ọjọ́bọ̀ fún mi. Kí lẹ sọ níbẹ̀?"

"Àwọn àlejò kan tó fẹ́ wo ilé-iṣẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà láàárín ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ kan sí i. Wọ́n kọ̀. Mo ní tí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á rí i."

"Kí ni wọ́n máa rí?"

Mùílíù gbójú lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ariwo àwọn ọ̀kadà sémíjàn tó ń lọ sọ́nà Porto-Novo ń wọlé láti ìta.

"Pátíróò, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn di ìhàlẹ̀. Wọ́n ní inú ń bí yín pé Dámilọ́lá tẹ́ ẹ kọ́ níṣẹ́ ló máa gba ipò yín. Agogo márùn-ún ni wọ́n máa mú yín lọ. Ṣé ẹ̀yin lẹ pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà?"

"Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni."

"Ìbéèrè mi kọ́ nìyẹn."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Màdáàmù. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe níbẹ̀."

Ṣọlá gbé orí sókè. Tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ ṣe é, ẹlòmíràn ló tẹ̀ lé e. Ta wá ni ẹnì kejì tí bàbá yìí ń bò? Pọ́tábù Mùílíù, fóònù alágbèéká rẹ̀, wà lórí tábìlì, ó ti da ojú rẹ̀ délẹ̀. Ṣọlá tọrọ rẹ̀, ó sì pẹ́ kí Mùílíù tó nà án sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti pe Dámilọ́lá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbé e. Ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ó fi fókáàlì kan ránṣẹ́ sí i, ohùn tó gbà sílẹ̀, tó ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ díẹ̀. Àmì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti di búlúù, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ti tẹ̀ ẹ́, ó ti gbọ́ ọ. Kò sí èsì kankan lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́," Mùílíù sọ jẹ́jẹ́. "Ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi ni."

Ṣọlá wo ojú rẹ̀, ó sì dá pọ́tábù náà padà. Kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó rò pé òun mọ ibòmíràn tí òun ti lè gbọ́ ọ.

* * *

Bàálù kan ń balẹ̀ nígbà tó dé Cadjèhoun, gíláàsì fèrèsé búrò ń gbọ̀n. Dámilọ́lá, obìnrin ọgbọ̀n ọdún tó mọ́ra tónítóní, ní kó jókòó. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ti sunkún, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

"Pátíróò ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀, Tàǹtíì. Ìdí nìyí tó fi dùn mí dé egungun. Mo wà ní ìpàdé yẹn. 'Ẹ ó rí i,' báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá, mi ò sì lè yí i padà."

"Ìwọ lo ṣí ọ̀nà náà lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Èmi ni. Agogo márùn-ún ààbọ̀. Ọ̀gá fẹ́ kí àwọn àlejò máa rí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú kan náà. Mo jẹ́ kí gbogbo nọ́ńbà kọjá. Mo yẹ bébà tí Pátíróò fún wa wò kí n tó ṣe é." Ó fa bébà kan yọ, tí wọ́n tẹ̀ dáadáa lórí ẹ̀rọ. Gbogbo nọ́ńbà ibẹ̀ tuntun ni. 240 wà níbẹ̀, 340 wà níbẹ̀. "Ẹ wò ó. Nọ́ńbà kan ò sí ní ibi méjì. Ní àárọ̀ Ajé tí wàhálà bẹ́, ọ̀gá ní kí n gé e, mo sì gé e ní agogo mẹ́jọ."

"Ṣé o ti rí kàyé Pátíróò rí?"

"Kàyé yẹn? Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i."

Ooru ti ń mú Ṣọlá láti ìgbà tó ti wà lójú ọ̀nà, ó sì gbé ojú sókè wo klíìmù, ẹ̀rọ amúlé-tutù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lórí. Wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́ ògiri nísàlẹ̀ rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Klíìmù yóò kú ní 18:30. Yóò tàn ní 07:00. Tó bá kú lọ́jọ́ Ẹtì, ó di ọjọ́ Ajé.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

"Ta ló ń pa klíìmù yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń pa á. Àpótí kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Irú èyí tó wà lára iyàrá òtútù náà ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n."

"Ọ̀nà mélòó ni wọ́n fi í sí?"

"240."

"Lórí bébà ni, àbí nínú swíìsì?"

Dámilọ́lá rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ tẹ́ àgbàlagbà lọ́rùn. Ó fa ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ra, ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan.

"Ogójì," ló sọ. "Ogójì ló ṣì wà níbí."

"Agblangandan ńkọ́?"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó yé e kó tó di pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé, torí pé ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́ ọ dáadáa.

Ṣọlá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Pátíróò pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn."

"Wọ́n máa ń pè púpọ̀, Tàǹtíì. Iṣẹ́ ti kún ọwọ́ mi."

"Wọ́n fi fókáàlì ránṣẹ́."

"Mo gbọ́ ọ. Ìkíni ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

Dámilọ́lá mú pọ́tábù rẹ̀, ó wá fókáàlì náà jáde. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àáyá mẹ́wàá, àmì ibi tó gbọ́ ọ dé dúró sí àáyá mọ́kànlélógójì. Ó na ìka láti tẹ̀ ẹ́, Ṣọlá dì í lọ́wọ́ mú.

"Má tíì tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí ẹni tó sọ ọ́ wà níbẹ̀."

* * *

Ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n pé sí búrò Mẹ̀síyọ̀ Ọpẹ́yẹmí. Mùílíù wọlé pẹ̀lú gàdíẹ̀nì lẹ́yìn rẹ̀. Kò wo Dámilọ́lá, Dámilọ́lá náà kò lè wò ó.

"Ìwé mi ńkọ́, Màdáàmù Ṣọlá?" ọ̀gá náà bèèrè.

"Mi ò kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́nu. Iyàrá òtútù kò bàjẹ́, torí ṣirẹ́ẹ̀nì kò dún. Wọ́n pàṣẹ fún un ni. Ṣùgbọ́n àṣẹ méjèèjì wọlé láìfi àáyá kan pẹ́, láìfi kan yá. Èèyàn ẹlẹ́ran ara kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ba oògùn jẹ́ kò ní padà wá tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ló pàṣẹ fún ẹ̀rọ, Mẹ̀síyọ̀. Ẹ gbójú sókè."

Ọ̀gá náà gbójú sókè. Klíìmù rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bébà kékeré yẹn sì wà nísàlẹ̀ tirẹ̀ náà.

"Agogo mẹ́fà ààbọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó kú. Agogo méje ọjọ́ Ajé, ó tàn. Orí ọ̀nà ogójì ló wà níbí. Iyàrá òtútù náà, orí ọ̀nà ogójì ló wà ní Agblangandan. Fún ọdún mẹ́wàá, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, torí wáyà kankan kò so wọ́n pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n so wọ́n. Àpótí inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín wá sọ fún gbogbo ọmọ ilé ogójì pé kí wọ́n sùn di ọjọ́ Ajé. Iyàrá òtútù gbọ́, ó sì sùn."

Mẹ̀síyọ̀ Ọpẹ́yẹmí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. "Tí Mùílíù bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò là á mọ́lẹ̀ ní ìpàdé?"

Mùílíù fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Ojú tì mí. Nígbà tí a fẹ́ ṣí Agblangandan, mo ṣe bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. A máa ń da fáìlì ibi àtijọ́ kọ, a ó wá yí orúkọ òkè rẹ̀ padà. Mo yí orúkọ padà, mo gbàgbé nọ́ńbà. Èmi tí mo ń bá àwọn ọmọ-iṣẹ́ jà nítorí nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà mo tún gbé bébà tó dùn ún wò fún yín bí ẹni pé gbogbo ẹ̀ ti parí. Mo rò pé màá tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ dákẹ́ láti àná?"

 Ṣọlá ló bá Mùílíù dáhùn ìyẹn. "Nítorí pé ó ti kìlọ̀ fún ẹnì kan ní kọ̀rọ̀, ó sì rí i pé ẹni náà gbọ́. Ó rò pé ẹni náà gbọ́ tán, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ọ̀nà náà. Tó bá sọ pé òun kìlọ̀, ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ lẹ máa mú. Dámilọ́lá, tẹ̀ ẹ́ báyìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ohùn bàbá náà kún inú búrò.

"Dámilọ́lá ọmọ mi, o kú ìrọ̀lẹ́. O kú iṣẹ́. Ṣé ara le? Ìyá ẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá ẹ ńkọ́? Àbúrò ẹ tó wà ní Calavi, ṣé ó ti ṣe ìdánwò ẹ̀ tán? Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ sí mi nítorí àná. Má bínú..."

Ìkíni náà pẹ́. Ó kí i fún ilé tuntun tó gbà, ó kí i fún òjò tó wọ ilé náà lóṣù tó kọjá. Kò sẹ́ni tó mira, títí kan ọ̀gá. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, ohùn náà yí padà.

"Ó dáa. Ohun tí mo ń pè ẹ́ fún rèé. Bébà tó wà lọ́wọ́ ẹ ti ṣáájú iṣẹ́. Ogójì ṣì wà ní ibi méjì, níbẹ̀ yẹn àti ní Agblangandan. Èmi ni mo ṣì í ṣe. Tí wọ́n bá fi dandan lé e pé kó o ṣí i, yọ ogójì kúrò nínú àwọn tó máa kọjá. Ìlà kan péré ni wàá tẹ̀. Ọjọ́ Ajé, màá lọ yí i padà. Dákun, má sọ fún wọn. Tó o bá ti gbọ́, dá mi lóhùn."

Ó parí. Ọ̀gá náà ṣí dúróà rẹ̀, ó kó ìdì kọ́kọ́rọ́ kan jáde, ó tì í sọ́dọ̀ Mùílíù. Ó ní kó má bínú, ó ní kó wá síbi iṣẹ́ lọ́la.

Mùílíù wo kọ́kọ́rọ́ náà, kò mú un. "Níwájú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi, ọ̀gá. Mi ò lè wọ ibẹ̀ mọ́. Kàyé náà wà lórí tábìlì, ìlà méjì ló kù."

Ṣọlá ti tú àdììtú náà, orí rẹ̀ kò sì wú rárá. Oògùn igba èèyàn wà nínú páálí, ìyá Ràhámátù kò ní ju ìgò kan lọ nílé. Ó ronú kan pọ́tábù tó wà nínú báàgì rẹ̀, àti fókáàlì mọ́kànlá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ síbẹ̀ kó tó kú, tí kò gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn dé òpin. Ó kábàámọ̀ rẹ̀, àbámọ̀ náà kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni ní Kétu.

Mùílíù ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Dámilọ́lá kúnlẹ̀. Pọ́tábù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì, ó kàn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí bàbá náà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Pátíróò. Ara le. Ẹsẹ̀ ìyá mi ti fúyẹ́, wọ́n ń rìn dáadáa." Ó gbé pọ́tábù náà sílẹ̀. "Bàbá mi wà. Àbúrò mi ti ṣe ìdánwò ẹ̀ tán, ó yege. Òjò ò wọ ilé mọ́."

Bàbá náà dúró, ó fi ẹ̀yìn sí wọn, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Ó dúró títí Dámilọ́lá fi dáhùn gbogbo rẹ̀ tán.

"Ogójì wà ní ibi méjì," Dámilọ́lá sọ. "Mo ti gbọ́, Pátíróò."